Èso Tí Mo So Òwú Pupa Mọ́

Tòmátì ìyá mi kò dára lójú. Ó kéré, ara rẹ̀ rí gọntigọnti bí ohun tí wọ́n fi ìka tẹ̀ yípo, kì í sì í pọ́n dé ìdí. Ó ń kan. Lọ́jà wa ní Òkè-Ògùn, àwọn tó ń kó tòmátì wá láti òkè Ọya máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi òmíràn se ọbẹ̀. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti gba irúgbìn náà, ìyá ìyá mi sì bá a lóko àwọn àna rẹ̀.

Bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ rèé. Èso tó bá kọ́kọ́ so lórí igi tó lágbára jù, a kì í jẹ ẹ́. Ìyá mi á so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Á fi í sílẹ̀ títí yóò fi pọ́n kọjá, tí ara rẹ̀ á rọ̀ bíi ti ohun tó fẹ́ jẹrà. Nígbà náà ni yóò fún kóró rẹ̀ sínú igbá. Yóò dá a dúró fún ọjọ́ méjì kó kan, á fọ̀ ọ́, á fi eérú pò ó, á sá a síbòji. Lẹ́yìn náà á dì í sínú àkísà, á sì há a sí àjà ilé ìdáná.

Ìyá mi kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, n kò lè rìnrìn àjò. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀, nínú yàrá ìjẹun ibi tí a ti ń di ẹrù ní Ballycoolin, ní Dublin níbí. Nígbà tí àkókò ìsinmi parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ilẹ̀ oko náà kọ́lé. Ohun tó kù ni àkísà kan tí obìnrin kan bá mi mú bọ̀ láti ilé nínú agolo mílíìkì. Mo tú u sórí tábìlì, mo ka kóró inú rẹ̀: mọ́kànlélógún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo bi í bóyá òmíràn kù.

Ó ní, "Irú tòmátì wo? Ṣé wọn kì í ta tòmátì lọ́dọ̀ yín ni?"

Ilé ìtajà kan wà ní Swords tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àtijọ́. Tòmátì dúdú wà, aláwọ̀ ọsàn wà, abilà wà. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò bébà wọn pé ọwọ́ ìdílé kan ni èyí ti wá, pé ìyá àgbà kan ló tọ́jú tọ̀hún. Mo ka gbogbo wọn. Ti ìyá mi kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo gbin mẹ́rìnlá sẹ́yìn ilé lóṣù kẹrin, nítorí pé oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọgbọ́n oko ilé wa ni mo lò. Òtútù pa gbogbo wọn. Lọ́dún kejì, mo gbin méje tó kù sínú ike yógọ́ọ̀tì lójú fèrèsé, lókè hítà. Méjì hù. Ọ̀kan kú kó tó ní ewé mẹ́rin. Mo lọ́ èyí tó kù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíṣìnì. Kò sí kòkòrò oyin nínú ilé tí yóò bà lé òdòdó kó lè so, nítorí náà, láràárọ̀ kí n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì, mo máa ń fi ìka ta òdòdó rẹ̀ jẹ́jẹ́. Òdòdó mẹ́ta di èso. Méjì já bọ́. Mo so òwú pupa mọ́ ẹyọ kan tó kù.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó wá lo oṣù mẹ́ta. Èèyàn dáadáa ni. Ìgboro Ìbàdàn ló dàgbà sí, aṣọ ló tà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò ṣe oko rí.

"Ìyàwó," á ní, "ọmọ tuntun tí o gbé sójú fèrèsé yìí, ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti mumi, Mà."

"Kí ló wá dé tó rù báyìí? Fún un ní ẹ̀bà!"

A ó jọ rẹ́rìn-ín. N kò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Lójú tèmi, bí ẹni ń sunkún ìyá rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ ni yóò rí. Ọmọbìnrin mi nìkan ni mo sọ fún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ibí ni mo bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ló fi ń dáhùn. Mo fi òwú náà hàn án, mo sọ ìtàn rẹ̀. Ó ní, "Grand, Mam," ìyẹn ni pé ó dáa, ó ti gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹsàn-án, èso náà ti rọ̀ tán. Ọjọ́ Sátidé tí n kò ní ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ ká a. Nígbà tí mo wọlé nírọ̀lẹ́, òórùn ọbẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo fèrèsé. Igi náà wà níbẹ̀. Òwú pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti wé e rogodo bí ohun tí èèyàn ṣì máa lò.

"Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o. Lọ fọwọ́, ọbẹ̀ ti jinná. Mo rí i pé iṣẹ́ ti fẹ́ pa ọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ kú wàhálà."

"Tòmátì tí ọkọ ẹ rà lọ́jà Moore Street ò tó, ni mo bá fi tìẹ kún un. Ó tiẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́! Àgbẹ̀ tí kì í kórè." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí n bá ọ gbà á là."

Ọmọ mi jókòó sídìí tábìlì. Kò wo ojú mi.

Mo jẹun. Nínú òkèlè kẹta, mo tọ́ kíkan náà wò nídìí ahọ́n. Kò sí nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi bi mí bóyá ó dùn. Mo ní ó dùn. Òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n lọ wo tẹlifíṣọ̀n, ọmọ mi tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnì. Mo bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ó ní òun wà níbẹ̀, òun sì dìde nígbà tí ìyá àgbà ń tú òwú náà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ń sọ bí inú mi yóò ṣe dùn tó, kò sì dákẹ́ títí ó fi já a.

"Ẹ̀yin lẹ ní mi ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ àgbà," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló sọ.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, ó já lu ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí kan náà níwájú àwọn ará ìjọ wa, mo sì mú un kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì.

Mo tú bílẹ́ńdà tí wọ́n fi lọ tòmátì náà, mo yọ rọ́bà abẹ́ rẹ̀. Kóró mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kó wọn sórí bébà ìnuwọ́. N kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá mi yàtọ̀ sí ti Moore Street.

Nígbà tí oṣù kẹta dé, mo gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan hù. Mo fi ìka ta òdòdó rẹ̀ láràárọ̀. Kí n tó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ti so òwú pupa mọ́ èso àkọ́kọ́. Èso náà yípo dọ́gba, ara rẹ̀ ń dán.

Ìyá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn. "Ìyàwó àgbẹ̀! Tòmátì ńkọ́? Ṣé ó so lọ́dún yìí?"

"Ó so, Mà."

"Ọlọ́run ṣeun. Má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ o."

"Mo ti gbọ́, Mà."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ mi bi mí bóyá tòmátì ìyá mi ni. Mo ti ká èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ti tọ́ ọ wò. Ó dùn bí omi ṣúgà. Mo ní rárá.

Ó tú òwú náà fúnra rẹ̀, ó sì bi mí ibi tí òun máa fi í sí.