Lẹ́tà Ìyá Àjàṣẹ́ tí Mo Fi Di Ẹja

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sí lára iṣẹ́!

Pópó Àgùdà l'Ékòó nilé wa wà. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní àbúrò obìnrin kan tó lọ sílé ọkọ ní Àjàṣẹ́, ní Dàhòmì. Ó lé lógójì ọdún tí wọn ò ti fojú kanra. Lọ́dún yẹn ni lẹ́tà dé pé ara Ìyá Àjàṣẹ́ ò yá. Màmá Àgbà ní dandan ni kóun rí àbúrò òun kó tó pẹ́ jù. Bàbá mi ní ó dáa, a ó lọ ní Gúúdù Fúráídè.

Ẹ sì mọ àwa Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé. Gúúdù Fúráídè ò gbọdọ̀ kọjá láìsí fùréjọ̀n: ẹ̀wà tí a lọ̀ kunná, tí a fi omi àgbọn àti kànáfùrù sè. Ká sòótọ́, oúnjẹ yẹn máa ń tì mí lójú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní skúùlù máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀wà la fi ń ṣe ògì nílé wa!

Láàárọ̀ kùtù a sè é sí ìkòkò ńlá ká lè gbé e dání. Wọ́n ní kí n di ẹja díndín. Mo rí bébà kan lórí tábìlì, mo fi dì í. Ta ló ráyè wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?

Àjàṣẹ́ la dé kí bàbá mi tó béèrè lẹ́tà tí àdírẹ́sì wà nínú ẹ̀. Yéè! Bébà tí mo fi di ẹja ni! Òróró ti mu ún yó, tàdáwà ti ṣàn pọ̀. Orúkọ ìdílé ọkọ Ìyá Àjàṣẹ́ sì kún ìlú náà. Ilé mẹ́ta la wọ̀, wọ́n ní àwọn kọ́.

Bàbá mi bú mi bí ẹni pé ayé ti parí. Màmá Àgbà ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Omi kàn ń bọ́ lójú wọn ni. Mo ní nínú ara mi pé tí àbúrò wọn bá kú kí wọ́n tó rí i, èmi ni mo fà á.

Ni Màmá Àgbà bá ní ká dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí n ṣí ìkòkò. Mo ní, “Màmá, níta gbangba?”

Wọ́n ní, “Ṣí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dúró.”

Ìsìn parí, èrò ń jáde, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí! Àfi bí bàbá àgbàlagbà kan ṣe dúró, tó bi wá bóyá Èkó la ti wá. Ó ní ìyá ará Èkó kan wà ládùúgbò òun, ọdọọdún ló máa ń pín irú ẹ̀ kárí òpópó, pé ọdún yìí nìkan ni kò sè é nítorí àìsàn. Òun ló wọ mọ́tò wa, tó júwe ọ̀nà.

Ìyá Àjàṣẹ́ wà lórí ẹní, wọn ò ríran mọ́. Màmá Àgbà ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn bu ṣíbí fùréjọ̀n kan sí àbúrò wọn lẹ́nu. Ìyá Àjàṣẹ́ tọ́ ọ wò, wọ́n ní:

“Kànáfùrù yìí ti pọ̀ jù. Sísí mi, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?”

Gbogbo wa sunkún, títí kan bàbá tó mú wa lọ.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà ní Dàhòmì. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, bí a ti kọjá bọ́dà báyìí, bàbá mi yà sọ́wọ́ òsì bíi tàtẹ̀yìnwá. Wọ́n ti gbàgbé pé àná gan-an nìjọba yí i padà! Lọ́rí kan yọ, inú kòtò la bá ara wa. Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa. Màmá Àgbà ní kí lẹ retí lọ́wọ́ bàbá ẹni tó fi lẹ́tà di ẹja?

A tún lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìsìnkú Ìyá Àjàṣẹ́ ni. Ká ní a ò rí wọn ní Gúúdù Fúráídè yẹn, ibi òkú ni ẹ̀gbọ́n ì bá ti rí àbúrò.

Ohun tí mò ń tijú ẹ̀ ni wọ́n fi dá wa mọ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé Àgùdà ló bí mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nílé yín tí ẹ máa ń gbé pamọ́ tí àlejò bá dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ síta, mò ń gbọ́.