A Lọ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Bá Omi Gbé ní Kútọnu

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ yàrá ọ̀rẹ́ mi Tìámíyù di ilé adìyẹ. Bíríkìlà ni mí, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń mọlé kiri Fẹ́sítáàkì àti Àmúwò. Nígbà tí àgbàrá kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀sítéètì Rájí Ràsákì, èmi ni mo ní kó ra iyanrìn tipa kan, ká fi gbé ilẹ̀ yàrá sókè, ká da sìmẹ́ńtì lé e. Lọ́dún kejì omi tún wọlé, mo ní ká tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbé e. Ní báyìí, fèrèsé ti di ìjókòó, fáànù òkè sì ti fẹ́ máa gé èèyàn ní fìlà. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé, bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Omi ò sì yéé wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Bíọ́dún, ìyàwó Tìámíyù, pe àwa méjèèjì jókòó, ó sì kọjú sí mi.

"Bàbá Kẹ́mi, ẹ gbọ́ o. Tipa kan ṣoṣo tó bá tún da iyanrìn síwájú ilé yìí, mo ti lọ sọ́dọ̀ Bíọ́dún ní Ọ̀tà nìyẹn. Ó ti rí yàrá méjì fún wa níbẹ̀, lórí òkè. Bí ọkọ mi ò bá lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì máa gbébí bí ọ̀pọ̀lọ́."

Tìámíyù dìde, ó jáde síta. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́yìn. Ó ti ní kí oníyanrìn gbé tipa kẹrin wá ní ọjọ́ Ajé. Ohun tó sọ fún mi níta ni pé òun gbọ́ pé ìlú kan wà létí Kútọnu, orí omi ni wọ́n kọ́ ọ sí.

"Bí àwọn yẹn bá ń sùn lórí omi, èmi náà á sùn. Jẹ́ ká lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo bá a lọ nítorí ẹ̀bi tó wà lọ́rùn mi. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀rù omi ń bà mí débi pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń wẹ̀, mi ò jẹ́ dúró sábẹ́ ṣáwà.

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé, a ti wà nínú ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ní gáréèjì Másámásá. Ọ̀nà dára níbì kan, ó di kòtò níbì kan. Mo fi ìka ọwọ́ ka iye ìgbà tí ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè dá wa dúró. Nígbà tí ìka tán, mo ṣíwọ́. Ní Sẹ̀mẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn kọjá ẹnubodè, a ṣẹ́ náírà sí sẹfá, ìyẹn owó tiwọn, a sì wọ takisí. Àwa méjì ni awakọ̀ kó síjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ìgbà gbogbo tó bá sì fẹ́ pa jíà dà, orúnkún mi ló ń kọ́kọ́ dì mú.

Alùpùpù ló pọ̀ jù ní Kútọnu. Zémíjàn ni wọ́n ń pè é; "gbé mi kíákíá" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Fọ̀n. Ọ̀ọ́dúnrún sẹfá ló gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dé àárín ìlú. Èyí tó yà wá lẹ́nu ni pé bí iná ojú títì bá ti pọ́n, gbogbo wọn á dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlọ́pàá kankan nítòsí.

Tìámíyù kígbe láti orí alùpùpù tirẹ̀: "Ọ̀rẹ́, wò ó! Kò sẹ́ni tó ń lé wọn o!"

A jẹ àkàsà, ẹ̀kọ funfun tó kan díẹ̀, tí wọ́n pọ́n séwé. Ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ata tútù àti tòmátì tí wọ́n lọ̀ láìsè. Nílé, bí ìyàwó mi bá gbé ata tí kò sè síwájú mi, ìjà ni. Níbẹ̀, mo jẹ àkàsà mẹ́ta. Tìámíyù ò fọkàn sí oúnjẹ. Ìpìlẹ̀ ilé ló ń wò kiri bí àlejò mìíràn ṣe ń wo obìnrin.

Nígbà tí a fẹ́ wọ yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́, ó tẹrí ba kó tó wọlé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ga débi pé bí mo bá gun èjìká rẹ̀, a ó jọ wọlé. Mi ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́ ọ ní títẹrí ba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a lọ sí Kálàví, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gànvíé, ìlú orí omi náà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, Kòsí, ló fẹ́ fi ọ̀pá tukọ̀ gbé wa lọ. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó sáàárín. Kí ló ń gbọ̀n báyìí?"

"Ọkọ̀ ẹ ni."

"Ọkọ̀ mi kì í gbọ̀n."

Ó ki ọ̀pá bọ omi, ó fà á yọ, ó fi ibi tí omi dé lára rẹ̀ hàn mí: kò ju àyà mi lọ. Ó ní bí mo bá já sómi, kí n ṣáà dìde dúró. Síbẹ̀, mo gbàdúrà títí àdúrà fi tán lẹ́nu mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà oúnjẹ.

Àmọ́ ojú mi là nígbà tí a débẹ̀. Igi ni wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n wá fi pákó tẹ́ ilẹ̀ ilé sókè. Kò sí iyanrìn, kò sí búlọ́ọ̀kù. Omi ń kọjá lábẹ́ wọn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ń wa ọkọ̀ kiri, wọ́n ń ta tòmátì láti ojúlé dé ojúlé. Tìámíyù ń lù mí lẹ́yìn: "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i? Igi ló yẹ ká rì láti ọjọ́ yìí! Tí iyanrìn yẹn bá dé lọ́jọ́ Ajé, àtirì igi ló kù!"

Mo rántí Ìyá Bíọ́dún, inú mi sì bàjẹ́.

Kòsí mú wa lọ sílé ìyá kan tó ń dín ẹja, tó ti tajà rí ní Àgbádárìgì, tí Yorùbá sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Tìámíyù gun àkàbà lọ bá a. Èmi wo àkàbà yẹn, mo ní kí n máa ṣọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín jókòó sínú rẹ̀! Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ń pariwo nítòsí, nítorí náà ẹ̀rín ìyá náà nìkan ni mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́. Nígbà tí Tìámíyù sọ̀ kalẹ̀, kò lù mí lẹ́yìn mọ́.

"Kí ló sọ?"

"Jẹ́ ká máa lọ."

Mo bi í ní Kálàví, mo bi í nínú takisí, "Jẹ́ ká máa lọ" náà ló ń tún wí. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń fi ẹ̀rù rìnrìn àjò, tí kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tí a padà dé Sẹ̀mẹ̀, ó pe oníyanrìn lórí fóònù: "Ẹ má gbé e wá mọ́ o. Rárá, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má gbé e wá mọ́ rárá." Mo wò ó. Ó wo ojú ọ̀nà.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí a fi délé. Ìyá Bíọ́dún ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará orí omi. Ṣé ẹ ti kọ́ ọ tán?"

Tìámíyù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo bi ìyá kan níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, pé omi ń lé èmi náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, 'Ọmọ mi, omi ò lé wa o. Àwọn akónilẹ́rú ló lé àwọn baba wa kúrò lórí ilẹ̀, ni wọ́n fi sá wọnú omi. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń lé ọ, tí o ò fi lè gbé orí ilẹ̀?'"