Ohùn Apá Òsì

Bí rédíò bá ti ń kùn láìsọ ọ̀rọ̀ kan tó yéni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo àdúgbò ń gbé e lọ. Onírédíò ni wọ́n ń pè é. Ó lè jókòó ti wáyà kan láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sì bínú. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Rédíò tó bá dà mí láàmú, ìgbátí ló máa jẹ lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yìí, èmi ló ní kí n di áńtẹ́nà mú lójú fèrèsé pálọ̀ wọn. Mo na apá sókè bí ẹni tí tíṣà ń fìyà jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí wà ní ìlú òkèèrè, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé iṣẹ́ rédíò kan níbẹ̀. Àìsàn ti dá a wólẹ̀ ó ti pẹ́. Nígbà tó pè kẹ́yìn, ó ní, "Màámi, ẹ má jáyà. Ẹ ṣáà tan rédíò lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni màá lé orin, apá òsì lẹ ó ti gbọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ohùn mi, ara mi ti yá nìyẹn." Láti ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ ò ti lọ mọ́.

Ilé iṣẹ́ rédíò náà jìnnà sí wa gan-an. Ariwo ló ń hó ṣùù bí epo gbígbóná tí omi kán sí.

"Gbé e sókè díẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí. "Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìwọ náà!"

Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ìyàwó rẹ̀ fi etí ti sípíkà òsì.

Orin bẹ̀rẹ̀. Nínú ariwo yẹn, ohùn obìnrin kan ń jáde tín-ín-rín láti apá òsì. Ìyàwó fò sókè. "Òun nìyẹn! Bàbá ọmọ mi, òun nìyẹn!" Ó sáré jáde lọ pe ìyá onílé, ẹsẹ̀ kan ló ráyè wọ bàtà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fò ní tiẹ̀. Ó fẹ́ kí ohùn náà mọ́ kó tó yọ̀. "Sitẹrió la gbé e sí," ó ní. "Ó ń pín ohùn sọ́tùn-ún sósì. Tóhùn ò bá wá lágbára, ariwo ni yóò máa kún un. Jẹ́ n yí i sí mónò, kí ọ̀tún àtòsì di ọ̀kan."

Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ariwo rọlẹ̀ wàì. Àwọn akọrin di kedere, bíi pé wọ́n wà nínú pálọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń lé orin ní ohùn tó dùn. Kì í ṣe ọmọ wa.

A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń lé ariwo kúrò nínú rédíò onírédíò látìgbà èwe rẹ̀, ń wo bọ́tìnnì yẹn bíi pé kò rí irú rẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, n ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. A gbọ́ ohùn ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì náà padà, ariwo sì tún gba gbogbo ilé.

"Ìyá onílé, ẹ wá gbọ́ ọmọ mi!" Ìyàwó tún fi etí ti sípíkà òsì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ẹ ò wá lè dín ariwo yìí kù ni? Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

"Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìyàwó yíjú sí mi. "Eyínfúnjowó, ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́ ọ?"

Èmi tí gbogbo ẹbí mọ̀ pé n kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Mo gbọ́ ọ, ìyàwó wa," ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù, ó jáde sẹ́yìnkùlé. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Ó pe nọ́ńbà ọmọ náà, ó gbé e sétí, ó gbé e kúrò, ó tún un pè.