Ìgò Mẹ́jọ Tó Sọnù Nínú Epo Nimat

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Nimat, ìyá Kabir, ti ń ta epo pupa ní Mile 12, kò sì sẹ́ni tó nàka sí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ rí. Epo rẹ̀ a máa pọ́n débi pé eṣinṣin tó ń kọjá lọ a dúró kí i. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan tí Damaris, oníbàárà rẹ̀ tó ń ra epo lọ tà ní ìgò-ìgò ní Ògùdù, gbé ariwo wọjà. Wọ́n gbọ́ ọ dé Ìkòsí.

"Mummy Kabir, olè ni yín! Kẹ́ẹ̀gì lítà márùndínlọ́gbọ̀n! Tẹ́lẹ̀, ìgò mọ́kànlélógójì ni mò ń rí nínú ẹ̀. Ti àná, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré! Ìgò mẹ́jọ dà? Ẹ mu ún ni?"

"Kí n mu epo? Ṣé mo jọ àtùpà lójú ẹ ni?"

Alhaja Ruqoyah, olórí àwọn elépo, ti mú àgádágodo dání. Ẹni tó bá dín òṣùwọ̀n, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Òfin wọn ò mọ ọ̀rẹ́.

"Nimat, búra."

Nimat ò búra. Ó mọ̀ pé òun ò jalè, ṣùgbọ́n ìbúra kì í kún ìgò. "Alhaja, kó gbé ìgò tó fi wọ̀n ọ́n wá ná."

Damaris fa ọ̀kan yọ nínú báàgì. Nimat yí ìdí rẹ̀ sókè. Kò kàwé lọ títí, àmọ́ nọ́ńbà kì í sá fún un: sẹ́ńtílítà márùndínlọ́gọ́rin ló wà níbẹ̀.

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìgò bíà ni. Wọ́n ti fọ́, mo ra tuntun. Ṣé gbogbo ìgò kọ́ ni ìgò ni?"

Nimat kó ìgò bíà márùn-ún tirẹ̀ jáde, sẹ́ńtílítà ọgọ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìgò Damaris bu omi sínú bàsíà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá rọ omi náà sínú àwọn ìgò bíà. Márààrún kún. Èyí tó kù nínú bàsíà, èèrà ò lè fi wẹsẹ̀.

"Ẹ rí i. Mẹ́rin tiẹ̀ ni márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Epo ò sá lọ. Ìgò ló sanra."

Damaris jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo. "Yéè! Iye tí mo ń ta ìgò kékeré ni mo ṣì ń ta ńlá yìí! Abájọ táwọn ará Ògùdù fi ń ṣàdúrà fún mi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Nimat. "Lójú ọjà lo ti pè mí lólè, Damaris."

Damaris dìde. Ó gbé ìgò tirẹ̀ àti ìgò bíà kan lọ́wọ́, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, epo Mummy Kabir pé. Èmi ni mi ò wo ìdí ìgò."

Alhaja ti àgádágodo bọ àpò. Ìgbà náà ni Nimat tó jókòó, tó wá sunkún.