Igi Furúùtù Inú Àwòrán

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé tí a háyà sí Ibereko. Ilé àtijọ́ mẹ́ta tó fara kanra ló wà nínú rẹ̀, páànù wọn ti dípẹtà, tiwa sì ló wà láàárín. Ayálégbé wa kan tó jẹ́ ayàwòrán ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ilé etí títì ní Morogbo, pé wọ́n fẹ́ fẹ títì náà. Àwọn àlejò máa ń ní ó rẹwà. Èmi máa ń gbójú kúrò lára rẹ̀.

Inú yàrá rẹ̀ ní Morogbo la sin bàbá mi sí, bí wọ́n ṣe ń sin olórí ilé lọ́dọ̀ wa. Àlùfáà kùn títí ó fi sú u. Ìyá mi kò kó kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, ó ń gbá a láràárọ̀, ó sì ti fi ibi tí a ó sin òun sí hàn wá.

Nígbà tí àmì pupa dé, mo ní ká hú egungun bàbá kúrò. Àbúrò bàbá mi, olórí ẹbí, ní a kì í da òkú láàmú, pé iṣẹ́ ìjọba kì í yá. Ó yá. Ṣọ́ọ̀ṣì la wà tí katakata fi dé. Nígbà tí a máa fi padà, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi furúùtù iwájú ilé nìkan ló kù, torí àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀.

Mo bẹ ọ̀gá wọn. Ó ní ká wá òkú wa, àmọ́ kí a kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Ìyá mi dúró ti igi náà. "Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni igi yìí kọjú sí. Yàrá wa wà lápá òsì."

Àbúrò bàbá mi ní rárá, ojú fèrèsé yàrá gan-an ni. Ó ní kí n lọ gbé àwòrán wá láti Ibereko, níbi tí a ti kó ẹrù díẹ̀ sí ṣáájú. A gbé e lé orí yẹ̀pẹ̀, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Lóòótọ́, iwájú fèrèsé yàrá ni igi wà.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ló wí. "Àgbà ti dé sí yín. Àwòrán kì í gbàgbé."

Ẹni tó gbé inú ilé kò mọ ilé mọ́, àwòrán ló mọ̀ ọ́n! A gbẹ́ ẹ̀yìn igi náà títí omi fi ń sun. Yanrìn àti àfọ́kù àwo la rí. Apá òsì ni ìyá mi jókòó sí látàárọ̀. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n lé wa. Ní ọjọ́ kejì, òkúta ti bo gbogbo ibẹ̀.

Ayàwòrán náà wá bá wa kẹ́dùn. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ igi náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń bo ẹnu ọ̀nà yín. Mo sún un díẹ̀ ni, kí ilé bàbá lè fojú hàn dáadáa."

Ó fẹ́ pọ́n wa lé ni.

Ọkọ̀ ń sáré kọjá lórí bàbá mi báyìí. Ìyá mi gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ. Nígbà tó lọ, ó pè mí sọ́dọ̀ lábẹ́ àwòrán náà.

"Ṣé òun ló sún igi yìí?"

"Òun ni, Mààmi."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́, kó sún títì náà."