Mò Ń Wé Okùn Píánò, N Kò Mọ̀ Ọ́n Tẹ̀

Nígbà tí ọkọ mi lọ kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìlú Ọba, èmi náà bá a lọ. Òun ń lọ sí yunifásítì, èmi ń wá iṣẹ́ tí a ó fi jẹun. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe okùn píánò. Kì í ṣe gbogbo okùn inú rẹ̀ o. Àwọn tó wà lápá òsì, tí ń dún bí ohùn àgbà ọkùnrin, nìkan ni tiwa. Wáyà irin ló wà nínú wọn, a ó wá fi wáyà bàbà wé irin náà láti orí dé ìdí, kó lè wúwo, kí ohùn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń yí irin, ọwọ́ mi ló ń darí bàbà. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, okùn náà yóò máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Bí ó bá le jù, bàbà yóò já.

Nígbà tó yá, ọ̀gá mi kọ́ mi bí a ṣe ń ṣètò okùn fún píánò àtijọ́ tí okùn tirẹ̀ ti sọnù. A ó wọn gígùn àyè rẹ̀, a ó wo àwọn okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó wá ṣírò bí irin àti bàbà yóò ṣe nípọn tó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Kò sí ọjọ́ kan tí mo rò pé n ó tijú rẹ̀.

Kété lẹ́yìn òmìnira la padà sílé. Ìjọba gba ọkọ mi síṣẹ́, a sì ń gbé ní Alákíà, nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dé, a lọ sí Erunmu, ìlú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Ìyá Ìjọ níbẹ̀. Píánò kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí òyìnbó kan tó ń lọ sílé fi ta wọ́n lọ́rẹ, tíṣà ilé ìwé ìjọ ló sì máa ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìwàásù, ìyá ọkọ mi dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́. Ìyàwó ọmọ mi tó kọ́ nípa dùrù ní Ìlú Ọba ti dé. Òun ni yóò tẹ orin ọpẹ́ fún wa lónìí."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo wo ọkọ mi. Ó tẹjú mọ́ ìwé orin bí ẹni pé ó ń wá ohun tó sọnù síbẹ̀. Tíṣà ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àga hàn mí. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo jókòó, mo sì ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo tẹ ẹyọ kan lápá òsì, mo tẹ́tí sí i, bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ń dán okùn wò. Kò dún. Igi inú rẹ̀ nìkan ló ró kò. Okùn ibẹ̀ ti já. Mo tẹ òmíràn. Ọmọ kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi.

"Ẹ má bínú, mà. N kò mọ̀ ọ́n tẹ̀."

"O ò mọ kí ni?"

"N kò mọ dùrù tẹ̀, mà."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́. Mo wá ilẹ̀ tí n bá wọ̀, n kò rí. Kí Ọlọ́run bù kún tíṣà yẹn, kíá ló ti padà sórí àga, orin sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lérí, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Èmi náà jó. N kò lè gbójú sókè.

Ìgbà tí a wọ mọ́tò ni mo tó lè sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ sọ fún Ìyá nípa mi?"

"Mo ní o kọ́ nípa dùrù."

"Ẹ mọ̀ pé n kò kọ́ ọ."

"Kí wá ni kí n wí? Pé wáyà ni ìyàwó mi ń wé? Ìyàwó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga. Kí ni kí n pe tìrẹ?"

Mo rò pé ìtìjú ti inú ṣọ́ọ̀ṣì yóò tán lọ́jọ́ kan. Èyí ń bá wa lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ mi wá bá wa. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́hùn-ún. Mo fi ìka ṣe irin, mo fi òwú wé e.

"Ìgbà tí o mọ̀ pé èyí niṣẹ́ rẹ, kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n dìde láàárín ìjọ?"

Mo ń tú òwú náà kúrò lára ìka mi. Bí mo bá sọ òótọ́, ọmọ wọn ni yóò dòpùrọ́. Wọ́n wò mí títí.

"Èyí tí kò dún yẹn ńkọ́? Ṣé o lè tún un ṣe?"

"Mo lè tún un ṣe, mà." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú.

Mo ní wáyà irin díẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, ẹ̀bùn ìdágbére ọ̀gá mi. Mo lọ wọn àyè okùn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣírò rẹ̀, mo sì ra bàbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tún dáínámò wé ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo dojú kẹ̀kẹ́ ọkọ mi dé ní ẹ̀yìnkùlé, mo so ìkọ́ kan mọ́ àárín táyà ẹ̀yìn, mo so èkejì tó lè yí mọ́ òpó, mo na irin náà sáàárín wọn kó le gan-an. Ọkọ mi ní òun yóò bá mi yí pẹ́dàlì, bí a bá ti lè ṣe é kí àwọn aládùúgbò tó dé láti ibi iṣẹ́.

Okùn àkọ́kọ́ bà jẹ́. Bàbà tí mo yàn fẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kí ohùn rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ, okùn náà ti dẹ̀, ó ń dún bí ìkòkò tó sán. Ojú tíṣà àti ojú Ìyá ni mo ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kàn gbé báàgì wọn, wọ́n jáde.

Mo tún ìṣirò náà ṣe, mo ra bàbà tó nípọn sí i. A ti wé ìkejì dé àárín nígbà tí ọ̀gá ọkọ mi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Kí lẹ ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ó bà jẹ́ ni, sà. Mo ń tún un ṣe." Ọkọ mi fi pẹ́dàlì sílẹ̀, ó mú àlejò lọ sí pálọ̀.

Èmi kò lè fi bàbà sílẹ̀. Bí mo bá dẹ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ yóò tú. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó, mo dì í mú, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ilé, títí ìka mi fi kú. Nígbà tí àlejò lọ, ọkọ mi padà wá, ó di pẹ́dàlì mú, kò wò mí lójú. Kò bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, kò sì bẹ̀ mí rí. A wé e parí.

Okùn yẹn dún. Ó rẹlẹ̀, ó kún, ó sì bá àwọn ará rẹ̀ mu. Tíṣà tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ọmọdé. Láìpẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tí bàbà inú píánò tiwọn ti dípẹtà ń ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ mi a máa gbé mi lọ, a sì jókòó sínú mọ́tò ka ìwé ìròyìn títí n ó fi ṣe tán. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi wọlé.

Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó kí àlùfáà, wọn a ti pariwo: "Kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ o! Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kó tẹ orin kankan. Inú rẹ̀ nìkan ló mọ̀!"

Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbà mí sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní Lálúpọn, tí gbogbo akọrin yíjú wò mí, ojú gbà mí tì. Mo ṣí píánò náà, mo ki orí bọ inú rẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí iṣẹ́ náà ti gbà lọ.