Ibi Tí Saimi Ti Ń He Olú

Ìyá ọkọ mi, Saimi, kò ní ohun ìní kan tó ṣe gúnmọ́, àmọ́ ó ní ibì kan nínú igbó Ilomantsi tí olú aláwọ̀ ìyeyè máa ń hù sí lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ Finland tiwa, èèyàn lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, àmọ́ kò ní sọ ibi tó ti ń he olú fún un. Ti Saimi tiẹ̀ wá légbá kan. Veijo ọmọ rẹ̀, ọkọ mi, kò mọ ibẹ̀. Bàbá ọkọ mi kú láìmọ̀ ọ́n.

Lọ́dún yìí, ojú Saimi ti di bàìbàì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dá wọ igbó mọ́. Ó bínú títí, kó tó gbà pé kí n tẹ̀ lé òun.

"Ìwọ ni mo mú o, Tuija, torí ẹnu rẹ kì í jò bíi ti Veijo."

"Ẹ ṣeun, màmá. Oyè ńlá lèyí."

Ìgbà ìwọ́wé ti dé gan-an. Ewé àwọn igi eléèpo funfun ti di aláwọ̀ ìyeyè láti òkè délẹ̀, àwọn igi èso kéékèèké abẹ́ wọn sì pupa fòò. Ó wù mí kí n dúró wò ó, àmọ́ Saimi ń fà mí yípo ṣáá kí n má bàa mọ̀nà.

"Màmá, a ti kọjá lára òkúta yìí lẹ́ẹ̀kan."

"Òkúta mìíràn ni. Wọ́n jọra ni."

Ibẹ̀ ni Eino aládùúgbò wa ti yọ láàárín igi, ó fi aṣọ bo agbọ̀n rẹ̀. Saimi náà yára da aṣọ bo tiwa, bẹ́ẹ̀ òfìfo ni.

"Ṣé olú lẹ̀ ń wá?" ni Eino bi wá.

"Olú kẹ̀? Ewé là ń wò."

"Ewé lèmi náà ń wò," ni Eino wí. Agbọ̀n rẹ̀ wúwo débi pé ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tá a débẹ̀, Saimi yọ ọ̀bẹ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń he nǹkan sínú agbọ̀n, inú rẹ̀ sì dùn. Mo yọjú wo inú agbọ̀n. Ewé aláwọ̀ ìyeyè ló kún ibẹ̀, ojúlówó olú sì wà nídìí bàtà rẹ̀, kò rí i.

"Màmá, ṣé ọbẹ̀ ewé la máa jẹ lónìí?"

Ó gbé ewé kan súnmọ́ ojú, ló bá jókòó sórí kùkùté. Ó dùn mí pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó parí," ló wí. "O ti mọ ibẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ wàá máa dá wá, èmi á jókòó sójú fèrèsé bí ológbò."

Mo bu kọfí fún un láti inú fúláàsì, mo da ewé náà nù, mo sì ń he olú títí agbọ̀n fi kún. Nígbà tá à ń bọ̀, kò fà mí yípo mọ́. Ọ̀nà náà lọ tààrà, kò sì jìn. Lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ó di apá mi mú.

"Ṣé o ti mọ ọ̀nà ọ̀hún báyìí?"

"Rárá o, màmá. Ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Àfi kẹ́ ẹ tún mú mi lọ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó wò mí títí.

"Olódo! Ó máa tó ọdún mẹ́wàá kó o tó mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, màmá."